Àkùkọ Mẹ́sàn-án Nínú Ọgbà Nehemiah

Bí ẹni ń wo àlejò tó jẹun tán tí kò mọ ọ̀nà ilé ni Àyàndá ṣe máa ń wo àwọn àkùkọ inú ọgbà ọmọ rẹ̀ ní Dutse Alhaji. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Àgbébọ̀ mẹ́fà ló wà pẹ̀lú wọn. Ọgbà náà kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjìlá lọ láti ara ògiri dé ìdí tánkì omi. Àyàndá ló wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀. Ó ti ṣe káfíńtà fún ogójì ọdún kó tó wá máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

Aago mẹ́rin ìdájí ni àkọ́kọ́ á ti kọ. Èkejì á dá a lóhùn, bí ẹni pé wọ́n bi í léèrè nǹkan. Títí aago márùn-ún, gbogbo wọn á ti kọ tán, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í yé, wọn kì í sàba, wọn kì í tọ́mọ. Kí wọ́n ṣáà jẹ àgbàdo, kí wọ́n na ara wọn, kí wọ́n gun àgbébọ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi ń pe ara wọn ní ọkùnrin.

Nehemiah ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣà wọ́n. Ọ̀gá ni Nehemiah ní iléeṣẹ́ ìjọba kan láàárín ìlú. Fáìlì ló mọ̀, kò mọ adìẹ. Nígbà tó fẹ́ adìẹ tí yóò máa yé fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó lọ sí ọjà, ó bẹ̀rẹ̀ síbi apẹ̀rẹ̀ màlámù tó ń ta òròmọdìẹ. Èyí tó bá ti sanra, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ki, tí ogbe orí rẹ̀ ti ń pọ́n, òun ló ń mú. Màlámù ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Yauwa, ọ̀gá! Ojú rẹ mọ ọjà!”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àyàndá yẹ inú páálí wò.

“Nehemiah, akọ ló pọ̀ jù nínú èyí tó o kó.”

“Bàbá, àwọn tára wọn le jù ni mo ṣà.”

“Mo rí i. Akọ ní í kọ́kọ́ yọ ogbe. Àwọn tó o fi sílẹ̀ fún màlámù, àwọn ló máa yé.”

“Ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná, Bàbá.”

Wọ́n wò ó. Nígbà tó di oṣù kẹfà, ìyà dé bá àwọn àgbébọ̀. Àkùkọ kan tó àgbébọ̀ mẹ́wàá. Ní ti ọgbà yìí, bí àkùkọ kan bá sọ̀ lórí àgbébọ̀, òmíràn ti gùn ún. Ìyẹ́ ẹ̀yìn wọn re, awọ wọn bó, ẹ̀jẹ̀ yọ. Wọ́n sá lọ sórí tánkì, wọn kò sọ̀ wá jẹun mọ́. Àyàndá, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ló ń fi àkàbà gbé àgbàdo lọ bá wọn lókè. Ẹyin dáwọ́ dúró. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó bá ọ̀kan nílẹ̀ tó ti kú. Ó ku márùn-ún. Ó mọ̀ pé bó bá ń lọ báyìí, oṣù yẹn ò ní parí tí àkùkọ nìkan ò fi ní kù nínú ọgbà.

Ó pe ọmọ rẹ̀.

“Pa mẹ́jọ. Fi ọ̀kan sílẹ̀.”

Nehemiah wolẹ̀. Láti kékeré ni ẹ̀jẹ̀ ti ń bà á lẹ́rù. Ọ̀bẹ ìgébúrẹ́dì nìkan ló mọ̀ ọ́n mú.

“Bàbá, Mofẹ́olúwa ti sọ wọ́n lórúkọ.”

Mofẹ́olúwa, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́jọ, dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. “Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa Sójà. Ẹ má pa Bíṣọ́ọ̀bù.”

“Èwo ni Bíṣọ́ọ̀bù?”

“Funfun yẹn.”

“Òun ló pa àgbébọ̀ Ọjọ́bọ̀.”

Ọmọ náà wọlé lọ.

“Tà wọ́n nígbà náà,” ni Àyàndá wí.

“Kí àwọn ará ọ́fíìsì wá bá mi nídìí àkùkọ lọ́jà?”

“Ṣíọ̀!”

Ìbá ti pa wọ́n fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n Nehemiah ló ra adìẹ, Àyàndá kò sì fi ayùn kan pákó ẹnikẹ́ni rí láìgbọ́ lẹ́nu ẹni tó ni ín.

Olúfúnkẹ́, ìyàwó Nehemiah, ló mú àbá wá. Ìkórè ìjọ wọn ku ọjọ́ mẹ́ta. “Ẹ jẹ́ ká fi mẹ́jọ dúpẹ́, Bàbá. Wọ́n á lù wọ́n ní gbàǹjo, ẹni tó bá rà wọ́n á gbé wọn lọ. Sójà nìkan la máa fi sílẹ̀ fún Mofẹ́.”

“Ohun tó sú yín nílé lẹ fẹ́ gbé fún Ọlọ́run.”

“Bàbá, Ọlọ́run ló kúkú dá àkùkọ.”

“Òun náà ló dá irin tí wọ́n fi ń rọ ọ̀bẹ.”

Ọjọ́ Àìkú pé. Wọ́n di àkùkọ mẹ́jọ lẹ́sẹ̀, wọ́n tò wọ́n síwájú pẹpẹ. Àwọn tọkọtaya náà ti gbàgbé bí ìjọ tiwọn ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bá rajà ní gbàǹjo ìkórè kì í sábà gbé e lọ sílé. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ́ sí ló máa ń fi ta lọ́rẹ. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó dàgbà tó Àyàndá nínú ìjọ lọ́jọ́ náà.

Alàgbà Thomas, tó ń ta símẹ́ńtì lọ́nà Bwari, ra mẹ́rin. Ó na ọwọ́ sókè.

“Mo fi ta Bàbá Àyàndá lọ́rẹ! Kí Bàbá rí ẹran jẹ!”

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá kò gbà kí ọkùnrin kan borí wọn. Wọ́n ra mẹ́rin tó kù.

“Bàbá Àyàndá náà ni o! Bàbá, ẹ ó pẹ́ fún wa!”

Nehemiah fi ìwé orin bojú. Àyàndá dìde, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀, ó ṣàdúrà fún wọn. A kì í kọ ọrẹ nílé Ọlọ́run.

Mẹ́jọ lọ, mẹ́jọ bọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù ń kọ nínú búùtù ọkọ̀ títí wọ́n fi délé. Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, Àyàndá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

“Ta ni Thomas fún ní mẹ́rin?”

“Ẹ̀yin ni, Bàbá.”

“Àwọn ìyá ńkọ́?”

“Ẹ̀yin náà ni.”

“Láàárọ̀, tìrẹ ni wọ́n. Ní báyìí, tèmi ni. Gbé omi kaná.”

Olúfúnkẹ́ fa Mofẹ́olúwa lọ́wọ́ lọ sílé aládùúgbò. Àyàndá bọ́ agbádá, ó pọ́n ọ̀bẹ, ó jókòó ti kòtò tó gbẹ́ nídìí ògiri. Nehemiah ló ń di ẹsẹ̀ mú. Ó dijú.

“Dì í mú dáadáa. Adìẹ ni, kì í ṣe fáìlì.”

“Mo dì í mú, Bàbá.”

“O dì í mú, o ń gbọ̀n. Òun tó fẹ́ kú ò gbọ̀n tó ọ.”

Kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún lọ lórí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Bíṣọ́ọ̀bù ló ṣe kẹ́yìn, òun ni ẹran rẹ̀ sì yi jù. Oṣù mẹ́fà tó fi jẹ àgbàdo, egungun ló fi kọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àyàndá da àgbàdo sílẹ̀, kò gbé àkàbà. Ó jókòó dè wọ́n. Àgbébọ̀ kan na ọrùn láti orí tánkì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bẹ́ sílẹ̀. Àwọn mẹ́rin yòókù tẹ̀ lé e. Sójà ṣánpá, ó fẹ́ sáré bọ̀. Àyàndá sọ sálúbàtà lù ú, ó padà sẹ́yìn.

“Dúró síbẹ̀. Kí wọ́n jẹun tán ná.”

Gbogbo márààrún ló jẹun.