Apá Aṣọ Tí Sàrátù Gé

Bí a bá dárúkọ Sàrátù olóògbé ní Igbó-Ọrà, kí a tó sọ pé kí Ọlọ́run forí jì í, ẹnìkan á ti bú sẹ́rìn-ín, a á sì mọ̀ pé Iléyá ọdún 1983 ló rántí. Ọdún yẹn, bàbá Sàrátù ra àǹkárá aláwọ̀ ewé fún Táyé àti Kẹ́hìndé, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìbejì obìnrin tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Aránṣọ rán an, ó jókòó sí wọn lára. Sàrátù tó tẹ̀lé wọn, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, wọ́n ní kó tún ti èṣí wọ̀, nítorí aṣọ kò tó mẹ́ta. Ó ní ó dáa. Ìyẹn nìkan ti tó kí ẹ̀rù ba èèyàn.

Láàárọ̀ ọdún, gbogbo ilé ń múra àtilọ sí yídì nígbà tí igbe ta nínú yàrá. Apá òsì aṣọ Táyé ti lọ. Apá ọ̀tún ti Kẹ́hìndé náà ti lọ, wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé e mọ́ níbi èjìká. Wọ́n ṣì ń wá olè nígbà tí Sàrátù jáde láti ẹ̀yìnkùlé nínú bùbá tuntun. Àpò ìyẹ̀fun funfun ni ara bùbá náà, àmì pupa àwọn oníyẹ̀fun ṣì hàn gàdàgbà lẹ́yìn, apá méjèèjì sì jẹ́ àǹkárá aláwọ̀ ewé.

Ìyá wọn bi í pé kí ló dé. Sàrátù ní, “Ẹ ní aṣọ ò tó mẹ́ta. Mo ti pín in, ó ti tó.”

Wọ́n nà án dáadáa, ṣùgbọ́n ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ rán òmíràn? Bí wọ́n ṣe wà náà ni wọ́n ṣe lọ sí yídì, tí àwọn ìbejì fi ìborùn bo èjìká, tí atẹ́gùn sì ń ṣí i. Nígbà tí Iléyá ọdún kejì fi máa dé, àwọn ọmọge ìlú ti ń rán aṣọ alápá kan kiri, aránṣọ kan ní Èrúwà sì ń búra pé òun lòun dá àṣà náà sílẹ̀.

Owú ló fà á, kí n má purọ́ fún yín. Owú yẹn ò jẹ́ kí ọmọ náà gbádùn. Ní ìlú tiwa, ilé tí kò ní ìbejì ló máa ń ṣàlàyé ara rẹ̀. Bàbá Ìbejì ni wọ́n ń pe bàbá rẹ̀, Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pe ìyá rẹ̀, kódà ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ilé, ewúrẹ́ ìbejì ni. Sàrátù wà níbẹ̀, ó ń jẹ́ Ìdòwú, orúkọ tí gbogbo ẹni tó bá tẹ̀lé ìbejì ń jẹ́. Bí èèyàn bá pariwo “Ìdòwú” ní àdúgbò wọn, ìdajì àdúgbò ló ń dáhùn. Ó ní ìyẹn kì í ṣe orúkọ, ẹni tí òun tẹ̀lé wá ni wọ́n kàn ń sọ.

Ló bá pinnu pé òun ò dáhùn mọ́, àfi bí wọ́n bá pe òun ní Sàrátù. Ìyá rẹ̀ pè é títí kó bu omi wá, ọbẹ̀ jóná mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ìyá náà gbọ́n jù ú lọ. Bó bá fẹ́ rán an níṣẹ́, á pe Sàrátù. Bó bá kan ká pín ẹran, á pe Ìdòwú wẹ́rẹ́, á dúró díẹ̀, á sì fi ẹran náà sẹ́nu ara rẹ̀. Sàrátù rù lóṣù yẹn, ṣùgbọ́n kò dáhùn.

Nígbà tó rí i pé owú ò jẹ́ kóun sinmi, ó ní kí òun náà kúkú ní ìkejì. Ó lọ bá Rosaline, ọmọ tíṣà tó jókòó tì í ní kíláàsì, tí wọ́n bí lóun nìkan. Wọ́n wé gèlè kan náà, wọ́n wọ bàtà kan náà, wọ́n sì wọkọ̀ lọ sí Lanlate lọ́jọ́ ọjà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ wọ́n. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọlọ́jà tó bá rí ìbejì á ta wọ́n lọ́rẹ, kí ọjà lè yá. Màmá kan tó ń ta ìrèké rí wọn, inú rẹ̀ dùn, ó gé ìrèké, ó ní kí Táyé wá gbà á kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, nítorí Táyé ló tọ́ ayé wò fún Kẹ́hìndé.

Kò sẹ́ni tó mira. Kálukú wọn ti rò pé òun ni Kẹ́hìndé, nítorí Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n. Rosaline ní òun ò lè jẹ́ àbúrò Sàrátù láéláé. Sàrátù bi í pé ta ló gbé e wá sọ́jà. Ọ̀rọ̀ di gbas-gbos. Màmá náà làjà títí, ó ní kí wọ́n dá òun lóhùn, kí lorúkọ ìyá wọn? Ẹnu kan náà ni wọ́n fi dáhùn. Rosaline ní Mọ̀mí Rosaline. Sàrátù, tó ti bínú dé góńgó, ní Ìyá Ìbejì.

Ẹ̀rín pa màmá onírèké débi pé ó jókòó sílẹ̀. Ó fún wọn ní ìrèké náà ṣá, ó ní òun ò rí irú ìbejì bẹ́ẹ̀ rí. Láti ọjọ́ yẹn ni Rosaline ti lọ bá Tinúkẹ́, ọmọ kíláàsì wọn, ṣọ̀rẹ́, Sàrátù á sì máa tẹ̀lé wọn lẹ́yìn láti ilé ìwé, á dijú mọ́rí, bí ẹni tí wọ́n gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà tó ń ṣe báyìí ni Kẹ́hìndé pè é jókòó níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí. Ó béèrè ohun tó ń pa á lẹ́kún. Sàrátù sọ gbogbo rẹ̀: aṣọ, orúkọ, Rosaline, ewúrẹ́. Kẹ́hìndé ń bó ẹ̀gúsí lọ. Nígbà tó yá, ó ní:

“Bí ìwọ bá bínú, gbogbo ilé ló mọ̀ pé Sàrátù ló ń bínú. Bí èmi bá bínú, wọ́n á ní àwọn ìbejì ń bínú. Wàhábì tí mo fẹ́ràn, bó bá rí Táyé, á rò pé èmi ni, á máa rẹ́rìn-ín sí i. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló dá mi mọ̀ láti òkèèrè. Ọjọ́ tí o gé apá aṣọ wa.”

Ó da ẹ̀gúsí sínú igbá. “Mò ń jowú rẹ, Sàrátù. Ó ti pẹ́.”

Kò sọ́jọ́ tí Sàrátù rò pé ẹnikẹ́ni lè jowú òun láyé yìí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn débi pé kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti lọ sọ fún gbogbo agboolé, Kẹ́hìndé sì lé e pẹ̀lú ìgbálẹ̀ títí dé ọ̀nà Ìdèrè.

Sàrátù kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Nígbà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1991, àwọn ìyá máa ń kó ìbejì wọn tó ti ń bàlágà wá, wọ́n á ní kí aṣọ bára mu o. Á rán an kó bára mu, á sì fi nǹkan kan sí ọ̀kan nínú wọn: àpò kékeré, tàbí bọ́tìnnì aláwọ̀ mìíràn. Ìyá kan wá bá a jà láti Tápà. Sàrátù ní kó bi àwọn ọmọ rẹ̀ léèrè. Ọ̀kan nínú wọn kàn fọwọ́ bo bọ́tìnnì rẹ̀, kò fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Ìyá náà mú aṣọ lọ bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́run náà fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀. Nígbà tí Sàrátù máa bímọ, ìbejì ló bí. Ìlú rẹ́rìn-ín, ó kù díẹ̀ kí wọ́n kú. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ó ní ẹni tó bá pe òun ní Ìyá Ìbejì, òun ò ní dáhùn. Ìyá Ìdòwú lòun ń jẹ́. Wọ́n ní Ìdòwú wo, ìgbà tí wọn ò tíì bí i?

Ó ní, “Mò ń fi àyè sílẹ̀ dè é ni. Nígbà tí èmi dé, mi ò bá àyè.”

Ìdòwú yẹn ò wá. Títí ó fi kú, Ìyá Ìdòwú la pè é, ó sì ń dáhùn kíákíá.

Lọ́jọ́ fìdáù rẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn àáfà ṣàdúà tán, Táyé àti Kẹ́hìndé wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ. Wọ́n ti di ìyá àgbà, orí ti funfun. Àǹkárá aláwọ̀ ewé ni wọ́n wọ̀ jáde, apá òsì Táyé ṣófo, apá ọ̀tún Kẹ́hìndé ṣófo, sísọ́ọ̀sì Sàrátù ni wọ́n fi gé e ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀rín sọ, kódà àwọn àáfà ò lè mú un mọ́ra. Wàhábì, ọkọ Kẹ́hìndé, tó ṣì ń ṣi àwọn méjèèjì mú fún ara wọn títí di ọjọ́ yẹn, dìde láti òkèèrè, ó pe ìyàwó rẹ̀ lórúkọ.

Rosaline náà wà níbẹ̀. Ó di Kẹ́hìndé lọ́wọ́ mú, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, apá kejì dà?”

Kẹ́hìndé ní, “Ìdòwú ti wọ̀ ọ́ lọ.”

Rosaline tún rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fi gèlè rẹ̀ nu ojú.