Aago tó ń ka ìgbésẹ̀ màmá mi

Ojú tì mí lónìí.

Àwọn olùwádìí kan fún àwa ọlọ́kadà Ìgbàrà-Odò ní aago tó ń ka ìgbésẹ̀, ká wọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Èmi tí mo ń jókòó sórí ọ̀kadà látàárọ̀ dalẹ́, kí ló fẹ́ kà lára mi? Mo bá so ó mọ́ ọwọ́ màmá mi tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ oko kòkó. Màmá rò pé ẹ̀bùn ni, ó tún ṣàdúrà fún mi.

Láàárọ̀ yìí tí a dá àwọn aago náà padà, ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí náà yẹ tèmi wò, ó pariwo:
"Bọ̀dá, ẹ rìn ju gbogbo ọlọ́kadà yòókù lọ! Ṣé ẹ ti ta ọ̀kadà yín ni?"

Gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín.

Mi ò tà á o. Mi ò ṣáà fi gbé màmá mi dé oko rí ni.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bẹ̀?