Àga Àlejò ní Ilé Ìyá Bàbá Mi

Kí a tó kúrò ní Basin, àdúgbò tí ọ̀rẹ́ mi wọ̀ sí nínú ìlú, ó ti wọ léèsì, ó sì ti bọ́ ọ. Ó wọ àǹkárá, ó ní ó dán jù. Níkẹyìn ó wọ bùbá àdìrẹ kan tí ó ti ń ṣá, ó sì jókòó sínú ọkọ̀ mi bí ẹni tí ń lọ ṣe ìdánwò.

"Abúlé là ń lọ o," ni mo sọ fún un. "Kì í ṣe ilé àna."

"Ìwọ ló jẹ́ abúlé fún. Ìwọ lo ní ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀."

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá mi, àdúgbò Adéwọlé nínú ìlú ni a sì ń gbé. Bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, abúlé ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ìlú ni ó ń kó wa lọ. Àwọn ọmọ mìíràn ń lọ sí Èkó tàbí Kàdúná. Oko ni tiwa. A ń ṣa èso igi èmi, èyí tí wọ́n fi ń ṣe òrí, lẹ́yìn òjò, a ń jókòó sórí àpáta létí odò, a ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí àgbàdo tí wọ́n sá. Ọmọ aládùúgbò wa ni ọ̀rẹ́ mi. Ìyá rẹ̀ ti kú, iṣẹ́ bàbá rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ó jókòó sójú kan. Ìyá mi ni ó sọ pé, "Ẹ mú un dání, ta ni yóò fún un lóúnjẹ?" Láti ìgbà náà, kò sí ìsinmi tí a lọ láìsí i, títí ó fi lọ sí òkè òkun.

Ibẹ̀ ni ó wà nígbà tí ìyá bàbá mi kú. Ọjọ́ náà gan-an ni a sin ín, bí a ti ń ṣe é nílé wa. Kí ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a ti ṣe àdúrà tán. Kò tún dé abúlé mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ní Ọjà Tuntun, níbi tí a ti dúró ra búrẹ́dì, ọṣẹ àti ṣúgà, nítorí pé bàbá mi kì í lọ láìsí wọn, ni ọ̀rẹ́ mi ti sọ ìdí tí ó fi fẹ́ lọ lọ́tẹ̀ yìí.

"Ọmọ mi ń bi mí pé níbo ni ilé mi wà. Mo fi fọ́tò ilé bàbá mi hàn án. Wọ́n ti ta ilé yẹn. Mo fẹ́ kó wá lo ìsinmi ní abúlé, bí mo ṣe lò ó."

"Sọ fún wọn."

"Bí wọ́n bá ṣe mí bí ọmọ, n ó sọ ọ́. Bí wọ́n bá ṣe mí bí àlejò, n ó kí wọn, n ó dúpẹ́, a ó padà sílé. Mi ò lè máa tọrọ ààyè fún ọmọ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ mí."

Wọ́n ti ṣe afárá sórí odò náà báyìí. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n dúró lórí rẹ̀. Obìnrin kan ń fọ aṣọ nísàlẹ̀, ó gbójú sókè.

"Ṣé nǹkan yín já sómi ni?"

"Àpáta kan wà níbí tẹ́lẹ̀," ni ọ̀rẹ́ mi wí.

"Ó wà ńbẹ̀. Omi ló bò ó. Òjò ọdún yìí ò ṣeré rárá. Ẹ padà wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó bá a níbi tí ẹ fi í sí."

Nígbà tí a dé ilé, àbúrò bàbá mi obìnrin, ẹni tí ó kù lágbà nínú ilé, tí a ń pè ní Màmá, wà nínú yàrá, ó ń kírun. Ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ó jáde pàdé wa. Agbọ̀n àgbàdo wà níwájú ilé, ó ń yín in lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ fún mi.

"Akọ̀wé, ọkọ mi, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ wá rántí wa lónìí?"

Ní ilé wa, ìyàwó kì í pe ọmọ tí ó bá nílé lórúkọ. Ọmọ náà ì báà kéré sí i, ọkọ rẹ̀ ni, yóò sì fún un ní orúkọ tirẹ̀. Obìnrin yìí jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n mo ti wà nílé kí ó tó dé. Ó ń rí bírò lọ́wọ́ mi nígbà gbogbo, ni mo fi di Akọ̀wé.

Ó wá yíjú sí ọ̀rẹ́ mi. Kò kúnlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú ewu ọ̀nà."

Ó wọlé, ó gbé àga onítìmùtìmù jáde, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó gbé e sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbé omi inú ọ̀rá kalẹ̀ nínú àwo tí ó mọ́. Ẹní ni ó tẹ́ fún mi, kò sì fún mi lómi. Ọ̀rẹ́ mi wo àga, ó wo ẹní, ó sì jókòó sórí àga.

"Ẹ ṣeun, mà."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó tẹ ọwọ́ mi. "Má sọ nǹkan kan."

"Àǹtí, ṣé ẹ ti dé ọ̀dọ̀ wa rí?" ni ìyàwó wa bi í, tọ̀yàyàtọ̀yàyà.

"Mo ti dé ibí rí."

Ọ̀rẹ́ mi ti ń wo ibi tí mo gbé ọkọ̀ sí.

Ìgbà náà ni Màmá jáde, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó kí mi, ó sì dúró.

"Ta lo gbé àga fún?"

"Àlejò Akọ̀wé ni, Màmá."

Màmá súnmọ́ ọ̀rẹ́ mi, ó fọwọ́ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè.

"Rẹ́rìn-ín kí n rí ọ."

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èjí rẹ̀ yọ. Màmá rọra jókòó sórí ẹní.

"Ìwọ tí o já bọ́ lórí igi èmi, tí ìyá mi ń fi òrí pa lẹ́sẹ̀ láràárọ̀. Ìwọ lo jókòó sórí àga nínú ilé yìí?"

"Wọ́n gbé e fún mi ni, mà."

"Wọ́n gbé e fún ọ, ìwọ náà sì fìdí lé e." Ó yíjú sí ìyàwó wa. "Ẹni tó ti ń jẹun nínú ilé yìí kí wọ́n tó gbé ọ wọ̀ ọ́, kí ló jẹ́ sí ọ?"

"Màmá, mi ò bá wọn níbí."

"Ìrìn àjò ló lọ. Ọmọ tó bá lọ sí ìrìn àjò, ṣé kì í ṣe ọmọ mọ́ ni?"

Ìyàwó wa fọwọ́ bo ẹnu. Ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì.

"Ọkọ mi, ẹ má bínú. Akọ̀wé ló fi yín pa mọ́ fún mi."

Ọ̀rẹ́ mi ti fò kúrò lórí àga. "Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jù mí lọ."

"Mo jù yín lọ lóde. Nínú ilé yìí, ẹ̀yin lẹ jù mí." Kò tíì dìde. "Ẹ jẹ́ n wojú yín. Eléjì. Eléjì ni n ó máa pè yín."

"Gbé àga yẹn wọlé," ni Màmá sọ fún un. Ó wá kọjú sí ọ̀rẹ́ mi. "Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọ́, o mọ ibi tí àmù wà."

Ọ̀rẹ́ mi wọlé, kò bi ẹnikẹ́ni. A gbọ́ ìró ọmọrí àmù. Ó pẹ́ kí ó tó jáde, ó sì ti fi omi bọ́jú.

"Ẹ ò sún àmù kúrò níbẹ̀," ni ó wí.

"Ta ni yóò sún un?"

Ó jókòó tì mí lórí ẹní. "Màmá, mo ní ọmọ kan. Mo fẹ́ bi yín bóyá ó lè wá lo ìsinmi—"

"Ṣé ìyá rẹ̀ bi ẹnikẹ́ni kí ó tó máa wá?" Èmi ni Màmá ń wò. Mo ní rárá.

"Ọmọ ọkọ mi, ọmọ mi ni," ni ìyàwó wa dá sí i. "Eléjì, iṣẹ́ wo ló mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Kò mọ nǹkan kan ṣe."

"Kò burú. Àwọn ewúrẹ́ wà ńbẹ̀ tí yóò máa lé."

Ọ̀rẹ́ mi fa agbọ̀n àgbàdo súnmọ́ ara rẹ̀. Ìyàwó wa ní kí ó fi sílẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ọkọ. Ọ̀rẹ́ mi mú ọ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yín in.