Àmù Tí Wọ́n Fọ́ Lójúde Wa

Òórùn òjò ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ló mú. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ òórùn tí mò ń wí, ti erùpẹ̀ gbígbẹ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bà. Ètè gbogbo wa ti là, kò sí ewé tútù kan lójúde, àmọ́ ilẹ̀ ń rùn bíi pé òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Mo sáré jáde láti lọ wo òjò. Àmù ìyá mi ni mo bá. Ó ti fọ́ yángáyángá, omi inú rẹ̀ ti ṣàn gba ẹ̀bá ògiri dé títì.

Àmù yẹn kì í ṣe ti inú ilé. Ìta ló wà, lábẹ́ ìbòòji ògiri wa, pẹ̀lú igbá lórí ọmọrí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí òǹgbẹ bá ń gbẹ kàn máa bu mu ni. Sàráà ni ìyá mi fi ṣe látìgbà tí bàbá wa ti kú. Ọ̀nà ọjà la wà. Àwọn tó ru iṣu láti Òjòkú, àwọn ará Ìjàgbó, àti àwọn tó sọ̀kalẹ̀ nínú rélùwéè tí wọn ò tíì mọ ibi tí wọ́n ń lọ, gbogbo wọn ló ń dúró níbẹ̀. Bí wọ́n bá mu tán, wọ́n á ní, "Ọlọ́run á gba sàráà o," ìyá mi á sì ṣe àmín láti inú ilé láìyọjú. Èmi ni mo ń pọnmi kún un kí n tó lọ sílé ìwé.

Àmù náà kò ṣèèṣì ṣubú. Òkúta tí wọ́n fi fọ́ ọ ṣì wà láàárín àwọn àpáàdì, ó tó orí ọmọdé. Igbá náà, wọ́n ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fọ́. Wọn ò jí nǹkan kan gbé, a ò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Títí dòní, a ò mọ ẹni tó ṣe é, a ò mọ ìdí tó fi ṣe é.

Ìyá Ràfíù tó ń gbé ní òdìkejì títì ló kọ́kọ́ dé, ó ti fi gèlè gbàjá. "Ẹ ṣẹ́ èpè fún un! Kí apá tó sọ òkúta yẹn má lè gbé òkèlè dẹ́nu mọ́!"

Ìyá mi wò ó. "Tí mo bá ṣẹ́ èpè tán, tí apá bá wá ń ro yín lọ́la ńkọ́?"

"Èmi kẹ̀? Kí ló kàn mí ńbẹ̀?"

"Mo mọ̀ pé kò kàn yín. Àmọ́ gbogbo ẹni tí apá bá ti ń ro ládùúgbò yìí, a ó máa fura sí i nìyẹn. Àgbà wo ló wà níbí tí apá kì í ro?"

Ìyá Ràfíù bú sẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ ra èjìká ara rẹ̀.

Ìyá mi ò sunkún. Ó ṣa àwọn àpáàdì. Ó gbé èyí tó jinnú sílẹ̀ fún adìẹ láti máa mumi, ó fi èyí tó fẹ̀ pamọ́ tí a ó máa fi fọn iná wálé, ó da ìyókù sínú kòtò tó wà lójúde. Lẹ́yìn ọjà tó tẹ̀lé e, àmù tuntun ti jókòó síbi ti àtijọ́. Mo ní kó gbé e sínú ilé. Ó ní, "Ta ló máa wá kanlẹ̀kùn nítorí omi?"

Èmi ni inú mi ò rọ̀. Bí mo bá ti dé láti ilé ìwé, mo gbé àpótí ti àmù, mo ń wo ọwọ́ gbogbo ẹni tó bá bu omi. Mo ń wá ọwọ́ tó lè sọ òkúta yẹn. Bàbá oníṣu kan tó máa ń mu àmutúnmu gbé igbá sẹ́nu lọ́jọ́ kan, ojú wa pàdé, ó sọ igbá kalẹ̀, ó gbé iṣu rẹ̀, ó lọ. Kò ṣàdúrà. Nígbà tó yá, mo máa ń ru omi dé láàárọ̀ kí n bá àmù ní kíkún. Ìyá mi ṣí ọmọrí, ó wo inú rẹ̀, ó wá wò mí.

"Àṣàkẹ́, àmù lẹni yẹn fọ́. Ìwọ lò ń lé àwọn tó ń mumi lọ."

Kò nà mí. Ó yí àpótí mi padà, ó ní kí n kọjú sí ògiri, ó gbé ẹ̀gúsí lé mi lẹ́sẹ̀. "Máa bó o. Etí ni kó o fi ṣọ́ ọ."

Ẹ̀yìn mi ń yún mi bíi pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀. Mo ń gbọ́ tí igbá ń kan etí àmù, tí ọ̀fun ń gbé omi mì, mi ò sì gbọdọ̀ wẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi ò sí nílé, ẹnì kan mu tán, ó ní, "Ọlọ́run á gba sàráà o." Èmi ni mo ṣe àmín.

Lọ́dún yìí, tí èmi náà ti di ìyá ọlọ́mọ nínú ilé tèmi, wọ́n fọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi mi. Mo ti fa omi kànga ẹ̀rọ wa yọ sí ìta kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó rẹ́ńtì ilé yí wa ká lè máa pọn. Wọ́n fi irin lù ú títí ó fi kán, wọ́n da ọ̀dà dúdú sára ògiri. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń rùn bí òjò àkọ́rọ̀. Ọmọ mi ọkùnrin pè mí lórí fóònù, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká gbé kámẹ́rà síbẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ kúkú ti omi yẹn pa." Mo ní mo ti gbọ́. Mo ránṣẹ́ pe pọ́lọ́mbà, ó fi ẹnu tuntun sí i. Mo fi kẹrosíìnì fọ ògiri, ibi tí ọ̀dà ò ti ṣí, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé àga síta. Ọmọbìnrin kan gbé kẹ́ẹ̀gì wá, ó kí mi, mo dáhùn, àfi bí mo ṣe rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò. Kẹ́ẹ̀gì ò tíì kún tó fi gbé e lọ.

Ní ọjọ́ kejì, mo yí àga mi padà, mo kọjú sí ògiri, mo gbé ẹ̀fọ́ lẹ́sẹ̀, mo ń já a. Mi ò ní purọ́ fún yín, ọmọ orí àpótí yẹn ṣì wà nínú mi, ẹ̀yìn ṣì ń yún un. Ìyá mi kì í yọjú rárá. Èmi máa ń wẹ̀yìn wò. Àmọ́ tí mo bá ti wò, tí ojú èmi àti ẹni tó ń pọnmi bá pàdé, mo máa ń tètè sọ fún un pé, "Jẹ́ kó kún o, ọmọ mi."