Agbádá Ọjọ́ Jímọ̀

Inú ṣì ń bí mi. Ẹni tó bá ní kí n gbàgbé, kó lọ bi bàbá mi bó ṣe ń rí kí wọ́n tún la ojú egbò tí kò tíì jinná.

Ìbàdàn ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ kékeré kan sí wọn láyà, nísàlẹ̀ èjìká òsì, nítorí pé ọkàn wọn kò lù déédéé mọ́, wọ́n sì ń dákú. Wáyà tín-ínrín kan ti ara ẹ̀rọ náà wọ inú ọkàn lọ, òun ló ń ta á jí. Nígbà tí a padà sí Ìwó, nọ́ọ̀sì kan láti ilé ìwòsàn àdúgbò wa ló ń gun ọ̀kadà wá tọ́jú egbò náà.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, kò tíì fọwọ́ kan egbò tó fi jókòó, tó ní kí bàbá mi sọ ohun tí wọ́n ń ṣe láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ààfáà ni bàbá mi, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú. Nọ́ọ̀sì ní títí wáyà náà yóò fi dúró dáadáa, ọwọ́ òsì kò gbọdọ̀ ga kọjá èjìká.

"Bàbá, ẹ jókòó kírun. Tí ẹ bá fẹ́ wọ inú ìrun, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni kẹ́ ẹ gbé dé etí. Aṣọ wo lẹ máa ń wọ̀ lọ Jímọ̀?"

"Agbádá ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wọ̀ ọ́. Tí apá rẹ̀ bá ń já bọ́, ẹ ó máa gbé e lé èjìká."

Bàbá mi gbà. Ọ̀rọ̀ agbádá kò sí nínú bébà tí dókítà fún wa. Nọ́ọ̀sì ló ronú kàn án.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí ẹbí wa, wà níbẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì ṣe jáde báyìí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ àná ló fẹ́ kọ́ wa ní aṣọ wíwọ̀? Kí àbúrò mi wọ bùbá lásán lọ Jímọ̀, bí ẹni tó ń lọ oko?" Bàbá mi wojú mi. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ, n kò sọ ọ́. Mo gbé áyọ́ọ̀nù, mo lọ agbádá funfun náà, mo sì lọ̀ ọ́ dáadáa. Èmi náà jẹ̀bi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, atẹ́gùn ń fẹ́. Lẹ́yìn ìrun, èrò pé lé bàbá mi lórí níta mọ́sálásí. Bàbá mi á bọ ẹnì kan lọ́wọ́, apá agbádá á já bọ́, wọ́n á gbé ọwọ́ òsì sókè, wọ́n á dà á lé èjìká. Ẹ̀gbọ́n wọn dúró tì wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, orí ọmọ tuntun sì wọ́.

Ní Sátidé, òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bàbá mi. Ẹ̀gbọ́n wọn ní oòrùn ló mú wọn, kí n fún wọn lómi. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nọ́ọ̀sì dé, ó di ọrùn ọwọ́ bàbá mi mú, ó ń wo aago. Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè.

"Aṣọ wo ni wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀?"

Ó gba ìborùn mi, ó fi so apá bàbá mi mọ́ àyà, ó ní ká wá mọ́tò kíákíá. Ó bá wa dé Ìbàdàn, kò sì jọ̀wọ́ ọrùn ọwọ́ wọn lọ́nà. Wáyà ti yẹ̀ kúrò nípò. Àwọn dókítà tún la ojú egbò náà láti dá a padà.

Nígbà tí a padà dé Ìwó, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kó èèyàn jọ sí yàrá bàbá mi láti dúpẹ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, wọ́n tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Àárín àdúà ni nọ́ọ̀sì wọlé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, "Dúró síta ná, ọmọ yìí." Àwọn ló jókòó lórí àga kan ṣoṣo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Mo ní, "Ẹ dìde, Bàbá. Nọ́ọ̀sì fẹ́ jókòó."

Wọ́n dìde, wọ́n jáde, wọn kò sì dá mi lóhùn mọ́ tí mo bá kí wọn, títí di òní. Nọ́ọ̀sì jókòó, ó di ọwọ́ bàbá mi mú, ó wo aago, ó ní ọkàn wọn ń lù dáadáa. Àbúrò mi tó kéré jù lọ dàgbà jù ú. Mo kúnlẹ̀ fún nọ́ọ̀sì náà lójú gbogbo wọn.