Páànù Tí Mi Ò Dà Nù

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọṣẹ́ ní ọsibítù kan ní Jọ́ọ̀sì, páànù ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́, èyí tí aláìsàn tí kò lè dìde ń yàgbẹ́ sí lórí ibùsùn. Ìwé kẹta ni mo kà mọ, n ò retí pé wọ́n á gbé abẹ́rẹ́ fún mi. Sísítà, ọ̀gá wọ́ọ̀dù wa, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, fi Haúsá sọ fún mi pé, "Ki duba kafin ki zubar." Kí n wò ó kí n tó dà á nù. Kí ni mo fẹ́ wò níbẹ̀? Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Àṣé iṣẹ́ ló ń kọ́ mi. Ó ní èyí tó bá dúdú, tó ń dán, tó lẹ̀ bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, ẹ̀jẹ̀ ló ń dà nínú ẹni náà, kí n tètè pariwo.

Ó tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń wò ó kí Bàbá Aláṣọ tó dé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń taṣọ lọ́jà Laranto. Àìsàn ọkàn ló gbé e wá. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, dókítà ní kó máa lo ásípírìn kékeré kan lójúmọ́. Ha! Oògùn ẹ̀fọ́rí fún ọkàn kẹ̀? Dókítà ní kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ọkàn, torí ẹ̀jẹ̀ dídì ló fẹ́ pa bàbá. Inú mi dùn débi pé gbogbo ilé tó yí mi ká ní Kabong ni mo sọ ọ́ fún.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n tún gbé bàbá padà. Òòyì ń kọ́ ọ, ojú rẹ̀ ti funfun. Gbogbo wa rò pé àìsàn ọkàn ló tún dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé páànù rẹ̀, mo wò ó. Ọ̀dà ni!

"Haba, Mama!" Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan ló ń pariwo. "Ẹ dà á nù jàre. Oògùn tó ń fún ni lẹ́jẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ dúdú bẹ́ẹ̀."

Mo yíjú sí bàbá. "Ṣé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ nílé?"

"Rárá o."

"Mi ò dà á nù, àfi tí dókítà bá rí i."

"Òórùn ń pa wá!" Àwọn aláìsàn yòókù ló ń wí bẹ́ẹ̀.

"Ẹ di imú yín."

Mo fi aṣọ bò ó, mo dúró tì í bí ọlọ́pàá títí dókítà fi dé. Bó ṣe ṣí i ló yára bọ́ sọ́dọ̀ bàbá.

"Bàbá, oògùn wo lẹ tún ń lò?"

"Èyí tẹ́ ẹ fún mi náà ni. Àti ti orúnkún mi." Ó fa oògùn oníyẹ̀fun tí wọ́n ń dì sínú bébà yọ lápò. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ló ń lá a, ti àárọ̀ kó tó jẹun.

"Ásípírìn ló wà nínú eléyìí náà!"

"Ti orúnkún kẹ̀?"

Àpọ̀jù ásípírìn ti dá egbò sí bàbá nínú. Oògùn tí kò jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì lọ́kàn, kò jẹ́ kó dì lójú egbò inú bàbá náà. Wọ́n dá ásípírìn náà dúró, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì fún un lẹ́jẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń wo páànù, tí ọkàn mi ò balẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìgbẹ́ rẹ̀ padà sí àwọ̀ tó yẹ, mo gbé páànù sáré la wọ́ọ̀dù já: "Ẹ wá wò ó! Ó ti dáa!" Sísítà tí kì í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Mo tún padà yíká Kabong. Mo ní ẹni tí dókítà ò bá kọ ásípírìn fún, kó má dá a lò. Ẹni tí dókítà bá kọ ọ́ fún, kó má dá a fi sílẹ̀, kó sì ka gbogbo oògùn yòókù tó ń lò fún un.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, bàbá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Ó ní òun fẹ́ fún mi láṣọ.

"Ìyá Ṣadé, àwọ̀ wo lo fẹ́?"

"Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rí, Bàbá. Àfi dúdú."