Bẹ́ẹ̀ Ni Tí Èwo-Ló-Ṣáájú Ń Wá

Kò sí ẹni tó mọ ọkùnrin náà tí kò mọ ìtàn ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ní kọ́ọ̀tù. Akọ̀wé tó fẹ́ so wọ́n pọ̀ ti la ẹnu láti bi í bóyá ó gbà láti fẹ́ obìnrin yìí, ni ọkọ ìyàwó bá nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé, ó ní òun ní àtakò. Ìyá ìyàwó di báàgì rẹ̀ mú, ó ti ń wo ẹnu ọ̀nà.

Àtakò rẹ̀ kò ju pé, kí ló dé tó fi jẹ́ ọkùnrin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi? Ó ṣàlàyé pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé bí obìnrin bá ti gbọ́ ìdáhùn ọkọ kí wọ́n tó kan òun, ìdáhùn tirẹ̀ kò mọ́ mọ́, torí ojú á tì í láti sọ pé rárá. Ó yọ owó ẹyọ kan lápò, ó ní kí wọ́n ta á sókè. Bí orí bá hàn, kí wọ́n bi òun ṣáájú; bí kò bá hàn, kí wọ́n bi ìyàwó. Akọ̀wé wo aago, ó wo èrò tó tò sẹ́nu ọ̀nà, ó ta owó náà. Orí kò hàn. Ó yíjú sí ìyàwó, ó bi í.

Ìyàwó rò ó díẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà," ló wí, "ẹ kọ́kọ́ bi í ná, kí n gbọ́ ohun tó máa sọ."

Bí ọkùnrin náà ṣe wọ ilé ọkọ àti aya láìrí bẹ́ẹ̀ ni tó mọ́ gbà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, kì í ṣe eré. Fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, bó bá ti jẹun yó, á rọra béèrè pé ká ní ó dáhùn ṣáájú lọ́jọ́ yẹn, kí ni ì bá sọ? Ìyàwó rẹ̀ á ní kó gbé àwo rẹ̀ lọ sí kíṣìnì.

Iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Fọ́ọ̀mù ìbéèrè ló ń ṣe, irú èyí tí èèyàn máa ń dáhùn lórí fóònù. Kò jẹ́ kí gbogbo èèyàn rí ìbéèrè bákan náà láé. Kọ̀ǹpútà á pín wọn sí méjì láìwo ojú ẹnikẹ́ni: àwọn kan á rí ìbéèrè yìí ṣáájú, àwọn yòókù á rí ìyẹn ṣáájú. Bí ìdáhùn apá méjèèjì bá bára mu, ó dáa. Bí kò bá bára mu, ó ní a jẹ́ pé ìbéèrè tó ṣáájú ló ti ń ti èèyàn lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Èwo-Ló-Ṣáájú.

Ẹnì kan ṣoṣo ló borí rẹ̀ níbi iṣẹ́: bàbá tó ń ṣọ́ gẹ́ètì. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ń yí ìkíni padà fún bàbá náà. Lónìí á kọ́kọ́ béèrè ilé kó tó béèrè ọmọ. Lọ́la á fi ọmọ ṣáájú, á fi ẹ káàárọ̀ parí ẹ̀. A dúpẹ́ ni bàbá ń dá a lóhùn. Lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn, ó bi í bóyá ilé rẹ̀ ti jó. Bàbá ní a dúpẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ di wàhálà ni ti ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ tì í, wọ́n sì gbé ìbéèrè méjì wá sí ọ́fíìsì rẹ̀ pé kó fi bi àwọn ará àdúgbò. Ìkíní: ṣé ẹ gbé ọmọ lọ síbẹ̀ lóṣù tó kọjá? Ìkejì: ṣé kí ibẹ̀ ṣì máa wà? Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ìyàwó òun wà níbẹ̀. Ọ̀gá ní kó máa bá iṣẹ́ lọ, kò sẹ́lòmíì tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó bá pín àwọn èèyàn sí méjì. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ bi bóyá wọ́n débẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́wọ́ pé àwọn ò débẹ̀, mọ́kànlélọ́gbọ̀n péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kó máa wà. Níbi tí ìbéèrè kejì ti ṣáájú, wọ́n jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.

"Ẹ fi èyí tó dáa ránṣẹ́," ìyàwó rẹ̀ sọ fún un.

"Bí mo bá fi ọ̀kan ránṣẹ́, irọ́ ni. Àwọn méjèèjì ló máa lọ."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìyàwó rẹ̀ kò fi bá a sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ ló ń rán sí i pé kí wọ́n sọ fún bàbá wọn pé oúnjẹ ti délẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú wo ìwé méjèèjì títí, ó tojú sú wọn, ni wọ́n bá ní kí ilé ìwòsàn náà máa ṣí lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Lọ́jọ́ kẹwàá ni ìyàwó rẹ̀ tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ ti pín ibi iṣẹ́ mi náà sí méjì."

Nígbà tí àìsàn wá dá a dùbúlẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló ń jókòó tì í. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń bó ọsàn fún un, ó rí i pé ọkọ òun fẹ́ la ẹnu, ó sì mọ ohun tó fẹ́ béèrè. Ó fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Ẹ má bi mí ní nǹkan kan," ló wí. Ó mú ọwọ́ kúrò. "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ọkùnrin náà wò ó. "Kò sẹ́ni tó bi ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí."

Ó ní kó bá òun mú ìwé tí òun máa ń kọ àbájáde ìbéèrè sí wá.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ló kú. Nígbà tí wọ́n sọ fún bàbá ẹnu gẹ́ètì, bàbá bọ́ fìlà, kò sì sọ pé a dúpẹ́. Àárò ọkùnrin náà ń sọ gbogbo wọn níbi iṣẹ́, pàápàá láàárọ̀, nígbà tí ìkíni bá ń lọ létòlétò tí kò sẹ́ni tó ń dà á rú.

Ohun tó kọ sínú ìwé náà kò pọ̀. Iye ẹni tó dáhùn: ẹnì kan. Ìbéèrè tó ṣáájú: kò sí. Ìdáhùn: bẹ́ẹ̀ ni. Ní ìsàlẹ̀, ó kọ ọ́ pé ìdáhùn náà mọ́. Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì ìyàwó rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ni ìwé náà wà báyìí, ó sì máa ń ṣí i wò, lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ibẹ̀ máa ń ṣí.